Ọ̀gá Tó Ń Lé Aláìsàn

Ara líle ni Lásúnkànmí, ọmọ àdúgbò Mákun, fi ń yangàn. Òun ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan lẹ́yìn ìlú Ṣàgámù. Bí òṣìṣẹ́ bá ń wúkọ́, tàbí tó ń tiro, á ní, "Ibí kì í ṣe ọsibítù. Máa lọ sílé!"

Òfin ilé iṣẹ́ náà ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá kò níṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Lásúnkànmí a máa fi ẹ̀rín kún un. Lọ́jọ́ tí wárápá gbé Dámisọ́lá, ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ṣánlẹ̀, kò jẹ́ kó nu itọ́ ẹnu rẹ̀ tán tó fi lé e jáde.

Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Àga iwájú ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ Jésù.

Àfi bó ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà kúkú mọ òfin ibí."

Àwọn kan ní òfin ìjọba wà tó ń gbèjà abirùn. Ta ni yóò bá a gbé ẹjọ́ náà? Ó ránṣẹ́, ó ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kò fèsì.

Moyọ̀sọ́lá ìyàwó rẹ̀ wá ń bá àwọn oníṣòwò ṣa obì ní Sábó, kí wọ́n lè rí jẹ. Níbẹ̀ ló ti pàdé Dámisọ́lá, tóun náà ń ṣa obì. Moyọ̀sọ́lá sọ ohun tó dé bá ọkọ rẹ̀ fún un, ọmọ náà sì bá a wálé. Bí Lásúnkànmí ti rí i, ó fi ọwọ́ òsì bojú.

"Ṣé o wá fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Rárá o, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó kúnlẹ̀. "Nígbà tí ẹ lé mi, ayé sú mi. Jésù ló gbà mí, tàìsàn-tàìsàn. Mo ti dárí jì yín."

"Ṣé yóò wò mí sàn?"

"N ò lè ṣèlérí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kó ẹ̀ṣẹ̀ yín wá, kò ní lé yín."

Lásúnkànmí sunkún bí ọmọdé. Kò lè kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn ń sọ pé, "Jésù, ṣàánú mi. Mo burú." Jésù sì gbọ́.

Kò lè gbé apá náà sókè dòní. Iṣẹ́ kò padà. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni omijé ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ìyàwó rẹ̀ bá ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ ni wọ́n lé. Bóyá ìwọ lò ń lé ẹlòmíràn. Kò sí èyí tó lè gba ara rẹ̀ là nínú yín. Má ṣe dúró dìgbà tí agbára bá tán. Níbi tó o jókòó sí yìí, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kó o sì ké pe Jésù lónìí, bó o ṣe wà gan-an.