Òróró Lára Éríà

Bólúwatifẹ́ yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó tẹ rédíò, ó sì na ọrùn sẹ́yìn kí ó lè rí éríà, irin tó ń gbá ohùn rédíò mú, bí ó ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù. Éríà kò yọ. Ohun tó gbọ́ ni kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ nínú búùtù, àfi bí ẹni pé eku ń jẹ èkùrọ́ níbẹ̀. Ó pa rédíò, ó tún un tàn. Irin náà yọrí bí ìka ọwọ́, ó dúró síbẹ̀, ó lóun ò lọ mọ́.

"Mo gbé!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má rò pé orin ló ń wá. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń wá. Susanna, ìyá Tifẹ́, ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì gbà sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣí ètò àwọn àgbẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán Sátidé. Ikú mú Susanna lọ, kò mú ohùn rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó dá ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti kòkòrò ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, òkú á kọ́kọ́ kí alààyè kú iṣẹ́, á rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ti máa ń rẹ́rìn-ín nílé, ó parí. Kò ju kí èèyàn gbé omi mì lọ.

Òkè tó yí Ìlọ́fà, ìlú wọn, ká kì í jẹ́ kí rédíò kékeré mú ilé iṣẹ́ yẹn. Ṣàà ni yóò máa ké ṣáá. Wọn ò sì sí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mọ́tò àtijọ́ bàbá Tifẹ́ nìkan ló ń mú un, nígbà tí éríà rẹ̀ bá ga tán. Ìdí nìyí tí bàbá náà, Ọ̀gbẹ́ni Olóyèdé, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní ebè iṣu kan ṣoṣo láyé, fi ń jókòó sínú mọ́tò ní gbogbo Sátidé láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo. Tifẹ́ á jókòó tì í. Wọn kì í wo ojú ara wọn.

Kò sẹ́ni tó gba ohùn náà sílẹ̀ nílé wọn. Ohun tó ń bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ta ní ń tọ́jú rẹ̀? Àfi ìgbà tí atọ́kùn ètò kéde pé àwọn fẹ́ yí ìbẹ̀rẹ̀ ètò padà, pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọn yóò lo ti àtijọ́. Ni Tifẹ́ bá sáré bẹ Princess, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ní fóònù gidi, pé kó wá bá òun gbà á sílẹ̀. Sátidé náà ló dé yìí.

"Ta ló fọwọ́ kan éríà mi?" Bàbá ti dé ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń fi ìka ti irin náà.

Ìbéèrè tí Tifẹ́ ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Lókè àpótí aṣọ Bàbá ni ìgò òróró kan wà, èyí tí wọ́n fi ń gbàdúrà fún Susanna ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Bàbá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìkórè, ìyá ìjọ a máa fi òróró kan gbogbo mọ́tò tó bá wà lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì, láti bọ́ńpà títí dé orí éríà. Tifẹ́ wá rò ó pé òróró tó kan ara ìyá òun ló tọ́ sí irin tó ń gbé ohùn ìyá òun wálé. Lẹ́yìn ìkéde náà, ó gbé àga, ó mú ìgò, ó da òróró náà lé éríà, ó fọwọ́ pa á títí ó fi ń dán. Òróró ṣọ́ọ̀ṣì, eruku ọyẹ́! Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn méjèèjì ti di ẹrẹ̀ nínú ihò tí éríà ń wọ̀ sí.

"Èmi kọ́ o, Bàbá," ni Tifẹ́ wí.

Bàbá kò bá a jiyàn. "Ẹ wọ mọ́tò. Abdulkadir tó wà ní Òsì á tún un ṣe kó tó di ọ̀sán."

Princess, tó ti dé pẹ̀lú fóònù rẹ̀, bá Tifẹ́ jókòó sẹ́yìn. Òun nìkan ni Tifẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òróró fún. Wọn ò tíì jáde nílùú tí Princess ti fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

"Má dán an wò kí o jẹ́wọ́ o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹnu tó bá dákẹ́ kì í jẹ pàṣán."

"Tí wọ́n bá wá bi mí pé kí ló bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Mọ́tò tó dàgbà ju ìwọ àtèmi lọ! Kí ló kù tí kò ní bàjẹ́?"

Abdulkadir jẹ́ rẹ́wáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ọmọ Ìlọrin tó tẹ̀dó sí Òsì, ẹlẹ́nu bí abẹ. Bó ti rí mọ́tò náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Alàgbà Olóyèdé! Ẹ tún ti gbé bàbá arúgbó yìí wá? Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi nàá!"

"Éríà rẹ̀ ni. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Abdul. Kó tó di agogo méjìlá ni mo fẹ́ ẹ."

Abdulkadir ṣí búùtù, ó ní kí wọ́n tẹ rédíò, ó dẹ etí sílẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ kò kú. Okùn rọ́bà kan wà nínú ihò yìí tó ní eyín bí ayùn. Òun ní ń ti irin sókè. Yálà kí eyín okùn ti jẹ tán, tàbí kí ẹnì kan ti fi òróró pa irin, kí eruku wá gbá a mú. Bó bá jẹ́ òróró, pẹtiróòlù díẹ̀ ni n ó fi fọ̀ ọ́, ẹ ti ń lọ nìyẹn. Ẹ sọ fún mi o: ṣé ẹnì kan fi òróró kàn án?"

Bàbá wo Tifẹ́. Princess wo ilẹ̀.

Òótọ́ dé ọ̀nà ọ̀fun Tifẹ́. Ó rí ìgò náà lójú inú rẹ̀, ó rí ojú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé e sókè àpótí. Ó gbé òótọ́ náà mì.

"Rárá o. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kàn án."

"Ó tán. Eyín okùn ló jẹ tán."

Abdulkadir tú nọ́ọ̀tì orí éríà, ó fa irin àtijọ́ jáde tòun tokùn, ó sọ ọ́ sílẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí Tifẹ́ ti ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe kíá!" Ó mú èyí tó tú lára mọ́tò kan tó ti kú sí ọgbà rẹ̀, kò sì ní òmíràn. Ó ki eyín rẹ̀ bọ ihò. "Ẹ pa rédíò!" Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wọlé. Ó dé ìdajì, ó há. Kẹrẹ-kẹrẹ. Pá! Okùn já sínú ihò.

"Subuhánálláhì!" Abdulkadir tọ ihò náà, ìka rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Alàgbà, òróró rèé! Òróró ṣọ́ọ̀ṣì! Èmi tí n kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ òórùn rẹ̀. Ìdajì mọ́tò tí mò ń tún ṣe ló ń rùn ún." Ó he irin àtijọ́ nílẹ̀, ó fi èkísà nù ún. Eyín okùn rẹ̀ pé pérépéré. "Ẹ wò ó! Kò sóhun tó ṣe é. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, à bá ti ṣe é tán."

Tifẹ́ kúnlẹ̀ gbì sínú eruku. "Bàbá, èmi ni. Òróró Màámi ni mo dà sí i. Mo rò pé ohùn wọn á túbọ̀ já gaara ni."

Bàbá wo oòrùn, ó wo Abdulkadir. "Ṣe é kíá," ló wí.

Abdulkadir tú ẹ́ńjìnnì kékeré náà palẹ̀. Ó fi wáyà yọ rọ́bà tó já, ó fi pẹtiróòlù fọ ihò, ó fọ irin àtijọ́, ó dá a padà síbi tó ti yọ ọ́. Òógùn bò ó, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Éríà gòkè. Wíììì, ó ń dán, ó ga ju bó ti ga rí lọ. Princess ti na fóònù síwájú.

Ohùn ọkùnrin kan ló jáde. Àárín ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ló wà. Ètò ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.

Princess rọra fi fóònù sápò.

"Ẹ nà mí, Bàbá," ni Tifẹ́ wí lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò.

"Kí n nà ọ́ kó lè padà wá?" Bàbá gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀. "O rò pé òróró ni mò ń tọ́jú ju ohùn ìyá rẹ lọ. Ìwọ ọmọ yìí! Bí o bá ti sọ fún mi láàárọ̀, èmi fúnra mi ni n bá wá pẹtiróòlù."

Wọ́n lọ sí Ìlọrin ní Mọ́ńdè. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n bá ní ilé iṣẹ́ rédíò wá ohùn náà títí nínú ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n má bínú, àwọn ti pa á rẹ́. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé, éríà dúró ṣánṣán. Tifẹ́ ń yí rédíò: orin, ìwàásù, ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Gbogbo ohùn ayé ló wà níbẹ̀, àyàfi ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òróró ló gba ohùn Susanna lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Pẹtiróòlù ń fọ òróró, kò sí pẹtiróòlù tó ń fọ "èmi kọ́." Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Wọn ò purọ́. Ohun tí wọn ò fi kún un ni pé ohun tí irọ́ bá ti gbé lọ lè má bá òótọ́ padà wálé. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè tún nǹkan ṣe.