Aṣọ-Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Lé Ojú Kiri

Ní ayé ìgbà tí oòrùn ti le débi pé kò sẹ́ni tó lè dúró níta lọ́sàn-án mọ́, tí àwọn ènìyàn Ilé-Àpáta ti gbẹ́ inú òkè ńlá kan, tí wọ́n sì kó ilé, ọjà àti ilé-ìwé wọn wọ ibẹ̀, àìsàn kan yọ́ wọ ìlú láìpariwo. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú wọn.

Wọn kò kọ́kọ́ kà á sí. Ọmọ kan á ní orí ń fọ́ òun, òmíràn á ní èébì ń gbé òun, òmíràn á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú bí ẹni tí ata ta sí lójú. Àwọn olùkọ́ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Àwọn ìyá ní aràn inú ni, wọ́n sì ń se àgbo. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Ìbídùn, ọmọ-ọmọ Màmá Fẹ̀hìntọ́lá, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti àgbo.

Lábẹ́ ibùsùn ni Fẹ̀hìntọ́lá ti bá ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó fi ìró wé gbogbo orí bí ẹrù.

"Àníkẹ́, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ilé-ìwé ti wọlé." Oríkì ọmọ náà ló fi pè é.

"Mo ń sinmi, Màmá."

"Lábẹ́ ibùsùn?"

"Ibẹ̀ ló ṣókùnkùn."

"Àbí o ò sùn tó lóru ni?"

"Mo sùn. Ojú mi ni kò sùn."

Fẹ̀hìntọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àárẹ̀ òní. Ó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀, ó ti tọ́ ọmọ àbúrò, ó ti sin ọkọ. Nísinsìnyí, Ìbídùn ló kù sí i lọ́wọ́, nítorí àwọn òbí ọmọ náà wà ní oko ìtànṣán lẹ́yìn òkè, níbi tí wọ́n ti ń kó ooru oòrùn jọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wálé. Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń bèèrè bí wọ́n bá dé ni pé, "Màmá, ọmọ ńkọ́?" Kò fẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí kò ní lè dáhùn.

Ó fa ọmọ náà jáde, ó gbé e pọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ ti gùn kọjá ẹni à ń pọ̀n, ó sì forí lé ilé-iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé Abọ́sẹ̀dé.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí aṣọ-ìmọ́lẹ̀ jẹ́, torí òun ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ọmọ Ilé-Àpáta. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, èèyàn lè ká a sínú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta á sára ògiri, àwòrán á yọ lára rẹ̀, á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀. Iná tí ìlú ń rí kò pọ̀, nítorí náà ẹni tó hun aṣọ náà fi ọgbọ́n kan sí i. Ó to àwọn ojú kéékèèké sáàárín òwú rẹ̀, ó pè wọ́n ní aṣọ́jú. Iṣẹ́ aṣọ́jú ni láti mọ ibi tí ẹni tó jókòó síwájú aṣọ ń wò. Ibi tí ojú bá bà lé ni iná ń lọ, ìyókù á wà ní bàìbàì. Bí ojú bá kúrò lára aṣọ, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, á kú, á tún tàn, láti pe ojú padà. Ó ń yára débi pé ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ọpọlọ nìkan ló ń mọ̀ ọ́n lára.

Abọ́sẹ̀dé yìí gan-an ló hun ún, ọmọ agbo-ilé Fẹ̀hìntọ́lá sì ni. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé aṣọ náà wá síwájú àwọn àgbà, ẹyẹ, igi àti lẹ́tà ló wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n yọ ṣùtì. Bàbá Ọ̀jẹ́lábí ló bèèrè pé, "Ẹyẹ ni yóò máa kọ́ ọmọ wa ní ìtàn ìdílé?" Ni wọ́n bá ní àfi kí ojú àwọn àgbà wà níbẹ̀. Agboolé kọ̀ọ̀kan yan àgbà tirẹ̀, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán àti ohùn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Fẹ̀hìntọ́lá ka ìran wọn láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹrù wọ inú òkè. Ó sọ ẹni tó bí ẹni, ó sọ ẹni tó kú sọ́nà àti orúkọ ọmọ tó gbé sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń bá lára ògiri ní gbogbo yàrá ẹ̀kọ́, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ dùn sí i, kò sì fi pa mọ́.

Nígbà tó dé ilé-iṣẹ́, Ọ̀jẹ́lábí ti wà níbẹ̀. Orí ń fọ́ Ṣítù, ọmọ-ọmọ tirẹ̀ náà. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó jọ pé kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ má bínú, ilé ò rí bó ṣe yẹ."

"Dìde. Ta ló ń wo ilé? Wo ọmọ fún mi."

"Mo ti tú aṣọ mẹ́ta palẹ̀, Màmá. Òwú kankan ò já. Ohun gbogbo pé."

"Ó pé, ọmọ sì ń sá sábẹ́ ibùsùn," ni Ọ̀jẹ́lábí wí. "Ìwé tí o kà yìí ò mà kéré."

Abọ́sẹ̀dé ta aṣọ kan sára ògiri, ó ní kí Ìbídùn jókòó síwájú rẹ̀, ó sì fi àwòrán ẹyẹ sí i. Ìbídùn wò ó dáadáa. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹyẹ yìí sanra bí Bàbá Ṣítù," ó wí wẹ́rẹ́.

"Mo gbọ́ o," ni Ọ̀jẹ́lábí dáhùn.

Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà. Abọ́sẹ̀dé wá yí àwòrán padà. Ojú Fẹ̀hìntọ́lá yọ lára ògiri, gèlè aláwọ̀ ẹlú lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìran wọn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ìbídùn dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì tẹ ojú mọ́lẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn bí ìyá àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wọn.

Fẹ̀hìntọ́lá kò rí nǹkan kan lára ògiri ju ojú ara rẹ̀ lọ, bóyá ó kàn mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé ti mú dígí kan tó máa ń fa ìmọ́lẹ̀ falẹ̀ kí ènìyàn lè rí ohun tó ń yára jù. Ó fi í sójú. Ó sì gbé e fún Fẹ̀hìntọ́lá.

Nínú dígí náà, ojú Fẹ̀hìntọ́lá ń kú, ó ń jí, ó ń kú, ó ń jí, bí ìgbà tí wèrè bá ń ṣí ilẹ̀kùn tó sì ń tì í. Bí ọmọ náà ṣe ń tẹ orí ba sí i, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń le sí i. Ó ń lé ojú ọmọ kiri ilẹ̀.

"Pa á," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí.

Ṣùgbọ́n apá Ìbídùn ti ń gbọ̀n. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, eyín rẹ̀ pàdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Fẹ̀hìntọ́lá kò dúró dè é. Ó di etí aṣọ mú, ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ fà á, aṣọ sì ya láti òkè dé ilẹ̀. Ojú rẹ̀ lára aṣọ pín sí méjì, ó kú.

Nígbà tí ara ọmọ rọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní.

"Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, Màmá," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Aṣọ rò pé ó ti sùn. Ó ń jí i. Ẹyẹ ni mo fi dán an wò níjọ́sí, àwọn ọmọ sì wo ẹyẹ. Nígbà tí ẹ ní ká fi ojú yín sí i, mi ò tún dán an wò mọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọmọ ò ní wò ó."

Fẹ̀hìntọ́lá ṣàkíyèsí pé bó ṣe ń sọ gbogbo èyí, orúnkún ara rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ń wò. Òun náà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Kò le," ni Ọ̀jẹ́lábí wí. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa wò wá. Àwòrán ni, kì í ṣe ènìyàn."

"Ọ̀jẹ́lábí, ta ló na Ṣítù lánàá nítorí pé ó wò ọ́ lójú?"

"Ìyẹn, èmi gan-an ló wò. Ti aṣọ yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀? Ọjọ́ tí wọ́n fi ojú ìyá rẹ hàn ọ́ lára aṣọ, ta ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja? Fìlà rẹ yí lọ sábẹ́ àga."

Ọ̀jẹ́lábí fọwọ́ kan fìlà rẹ̀.

"Yọ aṣọ́jú yẹn kúrò," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí fún Abọ́sẹ̀dé.

"Bí mo bá yọ ọ́, Màmá, gbogbo aṣọ ni yóò máa tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tí yóò jẹ ni a fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ohun tó kù ni ká pa ojú àwọn àgbà rẹ́. Ká dá ẹyẹ padà."

"Gbogbo wa?" ni Ọ̀jẹ́lábí bèèrè. "Àwọn tó ti kú ńkọ́? A ò lè tún wọn jókòó síwájú ẹ̀rọ. Abọ́sẹ̀dé, ìwọ lo ba nǹkan jẹ́, àwa lo wá ń pa rẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹyẹ ò tó, Bàbá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ní kí o pa ọmọ?"

"Ó tó," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí. Kò gbé ohùn sókè. Kò ní agbára ariwo. Ó ń ro ti Àlàdé ọkọ rẹ̀, tó wà lára àwọn tó jókòó síwájú ẹ̀rọ, tó kú kí òjò tó rọ̀ lọ́dún náà. Òun gan-an máa ń yà sí ilé-ìwé nígbà mìíràn, á ní òun wá wo ọmọ, kó lè gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn. "Pa á rẹ́. Bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi àti ti Àlàdé. Bí ìyókù bá fẹ́ jà, kí wọ́n wá bá mi nílé."

Wọ́n jà. Àwọn kan kò kí i lọ́jà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á rẹ́, ẹyẹ sì padà sára ògiri.

"Ojú ọmọdé máa ń sinmi padà, Màmá," ni Abọ́sẹ̀dé ti sọ fún un. "Ẹ fi í síbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀. Ẹ fún un láyè."

Fẹ̀hìntọ́lá gbé fìtílà elépo kan jáde, ó pa gbogbo iná ilé yòókù. Orí kò fọ́ ọmọ mọ́. Èébì dáwọ́ dúró. Ìbídùn ń jẹun, ó ń ṣeré ọmọláńgidi, ó ń dáhùn "Màmá" pẹ̀lú orí tó tẹ̀ ba bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ ti yè. Fẹ̀hìntọ́lá náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí oko ìtànṣán pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń dirun fún ọmọ náà. Ó rò ó pé bí ẹ̀rọ mìíràn tó ń fẹ́ kí wọ́n wò ó bá tún dé lọ́jọ́ iwájú, ó dára kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú àgbà.

"Àníkẹ́, yíjú sí mi. Gbórí sókè, kí o wò mí lójú."

"Kò dáa, Màmá."

"Èmi ni mo ní kí o ṣe é."

"Ẹ máa nà mí."

"Mi ò ní nà ọ́."

Ọmọ náà kò lè ṣe é. Fẹ̀hìntọ́lá fi ìka méjì sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó rọra gbé e sókè, ó sì fa fìtílà sún mọ́ wọn. Ó pẹ́ tí òun gan-an ti wo ojú ọmọ yìí gbẹ̀yìn. Irun rẹ̀ ló máa ń rí, àti àárín orí rẹ̀.

Ẹyinjú Ìbídùn kò dúró sójú kan. Ó ń gbọ̀n sápá ọ̀tún, ó ń gbọ̀n sápá òsì, kíákíá, kíákíá, bí ohun tí nǹkan ń lé.

"Ṣé ò ń wò mí?"

"Mo ń wò yín, Màmá."

"Kí lo rí?"

"Ẹ ń lọ, ẹ ń bọ̀. Ẹ ń lọ, ẹ ń bọ̀."

"Fìtílà yìí ńkọ́?"

"Òun náà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Mo yọ́ yín wò nígbà kan tí ẹ ń gúnyán, bẹ́ẹ̀ náà lẹ rí."

"Àníkẹ́, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé bí ojú àgbà ṣe máa ń rí nìyẹn," ó wí. "Mo rò pé ìdí rẹ̀ lẹ fi ní ká má máa wò ó."

Orí ọmọ náà fẹ́ tẹ̀ ba padà, ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọ́lá kò yọ ìka rẹ̀ kúrò lábẹ́ àgbọ̀n náà.