Apá Òsì Ojú Kọ̀ǹpútà Mofolúwakẹ́

Ẹni tó bá wù ú lè ní irọ́ ni mò ń pa. Kò dùn mí. Ìkìrun kò jìnnà, mọ́tò Òṣogbo ń ná an láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí olúwarẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó béèrè ṣọ́ọ̀bù Mofolúwakẹ́, ẹni tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà tí mò ń wí yìí ṣì wà lórí tábìlì. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó dúró tì í nígbà tí obìnrin náà bá wà níbẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kó tó wá pè mí ní òpùrọ́.

Oyún ló fà á tó fi rà á. Ó ti pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀, Olúwadàmọ́lá, tó jẹ́ tíṣà ní Inísà, ti ń wá ọmọ. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé lẹ́nu ará ilé. Nígbà tí oyún wá dúró, dókítà ní kó má gun ọ̀kadà mọ́, kó má sì máa sá sókè sódò. Bẹ́ẹ̀ Òṣogbo ló ti máa ń lọ lo kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Ó ní ìyẹn ti tán. Ó ra tirẹ̀, tuntun nínú páálí, èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán. Kí oyún yìí dúró, kó bí i láyọ̀, ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ nìyẹn. Ó lè fara da gbogbo nǹkan yòókù.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ìyá rẹ̀ pè é láti Òkúkù.

"Mo gbọ́ pé o ra kọ̀ǹpútà. O kú oríire."

"Ẹ ṣé, Màámi."

"Mélòó lo rà?"

"Ọ̀kan ni. Mélòó ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mofolúwakẹ́ ń gbọ́ èémí ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Kẹ́hìndé," ìyá wá wí, "o ò rántí ẹnì kejì rẹ."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Mofolúwakẹ́ ló ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níta, àmọ́ Kẹ́hìndé ni wọ́n bí i. Táyé, ìkejì rẹ̀, kò tíì rákò tó fi padà. A kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó lọ ọjà ni. Ìyá wọn kò sì jẹ́ kí ẹni tó lọ ọjà pòfo nílé. Bó bá ra bàtà fún Kẹ́hìndé, á ra èkejì. Aṣọ méjì, ife méjì, àga kékeré méjì. Ohun tuntun kì í wọlé fún Kẹ́hìndé nìkan. Ìgbà tí Kẹ́hìndé dàgbà, tó di àtúnbí, ó ní kí ìyá òun dáwọ́ dúró. Ó ní ẹyọ ènìyàn kan ni òun.

"Kọ̀ǹpútà ni, Màámi, kì í ṣe bàtà," ó wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń to orúkọ sínú káàdì ìgbéyàwó kan. Ojú ìwé funfun ló ṣí síwájú. Ó rí i pé apá òsì ń pọ́n. Pupa náà kò ta yọ, ó dà bí aṣọ funfun tí epo ta sí, tí wọ́n fọ̀ tí kò lọ tán. Ó fi ìka nù ún. Kò nù. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Pupa náà ti rìn dé àárín gbùngbùn, ó dúró síbẹ̀, ààlà rẹ̀ gún bí ìgbà tí ènìyàn fi rúlà fà á. Ọ̀tún funfun. Òsì pọ́n.

Ó tẹ káàdì náà sórí ìwé. Funfun ló jáde, kò ní àbàwọ́n kankan.

Nẹ́pà mú iná lọ. Fáànù rọra dúró. Àdúgbò pa lọ́lọ́, kò tíì sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, bó ṣe yẹ kó dúdú. Àmọ́ apá ọ̀tún nìkan ló dúdú tán. Apá òsì ṣì ń pọ́n díẹ̀, bí ẹyin iná tó kù nínú eérú.

Ẹ̀rù bà á. Inú sì bí i ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Ó fa aṣọ bo kọ̀ǹpútà.

"O ò tó bẹ́ẹ̀," ó wí. Kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Ó pe Fìyìnfólúwa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Inísà. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, ó sì mọṣẹ́.

"Àǹtí, wáyà lásán ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pọ́n. Ó gbé ojú kọ̀ǹpútà mìíràn tó mú dání sí i. Ìyẹn funfun díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti òsì títí dé àárín. Ó di gbogbo rẹ̀, ó gbé e lọ sí Inísà. Nírọ̀lẹ́, ó pè.

"Àǹtí, kò ṣe nǹkan kan níbí o. Ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú."

"Gbé e padà wá."

Ó gbé e padà wá. Ó pọ́n. Fìyìnfólúwa kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo obìnrin náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ó dìde.

"Ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà."

Ó lọ. Pupa náà rọra fà sẹ́yìn, bí omi tí ilẹ̀ ń mu. Ojú kọ̀ǹpútà funfun pátápátá.

"Ẹ máa bọ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan péré. Òsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Fìyìnfólúwa ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò.

"Kí ló ń ṣe é?" Mofolúwakẹ́ béèrè.

"Kọ̀ǹpútà yín ò lárùn, Àǹtí."

Ó gbàgbé irin iṣẹ́ kan sórí tábìlì. Kò padà wá mú un.

Olúwadàmọ́lá fi òróró àdúrà pa kọ̀ǹpútà náà níwájú lẹ́yìn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbàdúrà títí ohùn wọn fi há. Pupa náà ń wò wọ́n.

"Jẹ́ ká tà á," ọkọ wí.

"N ò tà á. Ẹni tó bá fẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ mi, kó jáde síta kí n rí i."

Tèmi o, ibi tó ti sọ̀rọ̀ yìí ni mo ti fẹ́ràn obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ wa ì bá ti sá.

Ní Sátidé, ó wọ mọ́tò lọ Òkúkù. Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí lójúde. Kò béèrè ohun tó gbé e wá. Ó mú un wọ yàrá, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Fóònù kan wà níbẹ̀, irú èyí tó wà lọ́wọ́ Mofolúwakẹ́ gan-an. Báàgì kan wà níbẹ̀ bíi tirẹ̀. Bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀, funfun, ẹsẹ̀ kankan kò wọ inú rẹ̀ rí.

"O ní kí n dáwọ́ dúró," ìyá wí. "N ò dáwọ́ dúró. Gbogbo ohun tuntun tó o bá rà, mò ń wá èkejì rẹ̀. Èyí tó o rà yìí ni apá mi ò ká."

"Táyé ti kú, Màámi."

Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó lọ ọjà."

Fọ́tò kan wà lára ògiri. Ọmọ méjì jókòó síbẹ̀, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Mofolúwakẹ́ mọ ìtàn rẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò ní Inísà. Onífọ́tò yà á lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó so méjèèjì pọ̀ kí ìbejì lè pé. Àwọn ìyá ìbejì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Fọ́tò tó bá sì pẹ́ máa ń pọ́n, kò sí tuntun níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ apá òsì nìkan ló pọ́n.

"Èmi náà nìyí," Mofolúwakẹ́ nàka sí i.

"Ìgbà tí wọ́n yà á, ìwọ ni," ìyá wí. "Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, òun ni."

Èèpo ẹ̀gúsí kan bọ́ lára aṣọ ìyá. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀.

"Ra èkejì," ìyá wí. "Bó jẹ́ èyí tó ti bàjẹ́ pàápàá, ṣáà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Ẹni tí wọn ò bá bu tirẹ̀ fún, á bù ú fúnra rẹ̀. Ohun tó wà lára rẹ báyìí sì ju kọ̀ǹpútà lọ." Ó wo ikùn ọmọ rẹ̀.

"Bí mo bá gbà pé ìdajì ohun tí mo ní jẹ́ tirẹ̀, ṣé mo gbà pé ìdajì ọmọ yìí jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn? N ò ní rà á, Màámi."

Ó dìde, ó wọ mọ́tò padà sí Ìkìrun.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ọsibítù kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọmọ inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan tútù pa á níkùn. Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ó gbọ́ bí ọkàn ọmọ rẹ̀ ṣe ń lù kìkìkì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ kan ni," nọ́ọ̀sì wí. "Ara rẹ̀ le." Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ. "Kí ló tún ń ṣe èyí? Dúdú àti funfun ló máa ń gbé jáde."

Mofolúwakẹ́ yí orí. Apá òsì ti pọ́n.

"Níbo ni ọmọ náà wà?"

"Ọ̀tún. Ọ̀tún pátá ló kó ara rẹ̀ jọ sí." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ó ṣe bí ẹni tó sùn lórí ẹní tó sún fún ẹlòmíràn."

"Kò sí ẹlòmíràn."

"Mo ní ó ṣe bí ẹni ni, Mọ́mì."

Láti ọsibítù, ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tan kọ̀ǹpútà, ó fa àga sún mọ́ ọn títí ikùn rẹ̀ fi kan tábìlì. Pupa náà ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Táyé," ó pè é. Kò fi orúkọ náà pe ẹnikẹ́ni rí.

Fáànù dúró. Iná kò sì lọ.

"Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán ọ ṣíwájú kí o lọ tọ́ ayé wò. O tọ́ ọ wò, kò wù ọ́, o padà. N ò bá ọ jà. Bàtà, o ti gbà. Aṣọ, o ti gbà. Ìdajì ojú mi lára ògiri Màámi, o ti gbà. Bó o bá fẹ́ jókòó sínú kọ̀ǹpútà yìí, jókòó síbẹ̀, n ò ní torí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, odidi ni. A kì í pín ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Pupa náà dúró. Lẹ́yìn náà, ó ré ààlà kọjá sí ọ̀tún, ó tó ìwọ̀n ìka kan. Nǹkan fà á nínú ikùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Kò sún sẹ́yìn.

"Mo ní odidi ni."

Ó pẹ́. Kò sí ariwo kankan níta, bí ẹni pé Ìkìrun ti kó lọ. Nígbà tó yá, pupa náà padà sẹ́yìn dé ààlà rẹ̀. Kò lọ o. Àmọ́ ó padà. Mofolúwakẹ́ nu ojú, ó ṣí káàdì ìgbéyàwó ọjọ́sí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lápá ọ̀tún.

Ó bímọ. Obìnrin ni, ẹyọ kan, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Olúwaṣìkẹ́mi ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá wá láti Òkúkù, fìlà òtútù méjì ló rà. Mofolúwakẹ́ gba ọ̀kan, ó dá ọ̀kan padà sínú báàgì ìyá. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, èmi náà ì bá ti panu mọ́.

Ọmọ náà ti ń jókòó báyìí. Lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ẹní náà fẹ̀, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n gbé e lé, ọ̀tún ló máa sún lọ. Bí wọ́n bá fún un ní bísíkíìtì, á ṣẹ́ ẹ sí méjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Á gbé ìlàjì sí apá òsì ẹní, á wá máa jẹ tirẹ̀. Mofolúwakẹ́ á mú ìlàjì náà, á jù ú sẹ́nu ara rẹ̀, á máa rún un wómúwómú, á tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe ń rún un.

Àfi ọjọ́ tí oníbàárà kan dá a dúró sọ́rọ̀. Ìgbà tó fi máa yíjú padà láti mú ìlàjì náà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí èérún lórí ẹní. Ọmọ ṣì ń jẹ tirẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín sí apá òsì.

Mofolúwakẹ́ kò kígbe. Kò gbé ọmọ sá. Ó sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lọ́la. Lẹ́yìn náà, ó wọ́ tábìlì, ó wọ́ àga, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí apá òsì ẹní. Àyè tí ọmọ náà máa ń sún fi sílẹ̀ gan-an ló gbé ìdí lé.

Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Kọ̀ǹpútà ń pọ́n níwájú rẹ̀, ọmọ ń ṣeré lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ara ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà kọjá.