Ohùn Obìnrin Inú Fídíò Òkà

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òjòwú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní onírọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, etí mi méjèèjì ló sì gbọ́ ọ.

Fídíò ni ọkọ mi ń yà ní Ìkàrẹ́. Bó bá yà á tán, èmi ni mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù láti tún ohùn inú rẹ̀ ṣe. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ pásítọ̀ sókè, mo ń rẹ ariwo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi ní àṣà kan. Kí àlejò tó dé sílé tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́, á wọ yàrá tó ṣófo, á tan kámẹ́rà àti máìkì, á sì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Òun la fi ń dí ibi tí a bá ti gé ọ̀rọ̀ kúrò, kí etí má baà fura.

Ó lọ ya ìsìnkú ìyá arúgbó kan ní Òkà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo dá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Iná ti lọ, bátìrì ni mò ń lò. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo ṣí ìdákẹ́jẹ́ yàrá ìyá náà, mo gbé e sókè láti mọ̀ bóyá ariwo wà nínú rẹ̀.

Obìnrin kan sọ̀rọ̀.

"Sámúẹ́lì, sún mọ́ mi."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kan máìkì. Máìkì ọ̀hún sì rèé, ara ẹ̀wù ọkọ mi ló máa ń há a mọ́.

Èmi tí mo bí Bridget fún un, n kò dárúkọ rẹ̀ rí. Bàbá Bridget ni mò ń pè é. Ta wá lẹni tó ń pe ọkọ mi lórúkọ bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni? Mo wo àwòrán tó bá ohùn náà rìn. Bẹ́ẹ̀dì. Àga. Aṣọ funfun lójú fèrèsé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ki íápíìsì bọ̀ ọ́ létí.

"Bàbá Bridget, ta ni yẹn?"

"Ta ni wo?"

"Obìnrin tó ń pè yín."

Ó tẹ́tí títí. "N ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ń bò ó ni."

"Fadékẹ́, owú yìí á pa ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Tèmi ò tilẹ̀ dé ẹnu. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fa ohùn náà wálẹ̀ títí kò fi sí ibi tó tún lè lọ mọ́. Ìlà aláwọ̀ ewé tó máa ń fò bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ sùn lọ fọnrangandan.

"Sámúẹ́lì."

Nílé wa, bí a bá gbọ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pè, a kì í dáhùn. Láti kékeré ni ìyá mi ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Owú ò jẹ́ kí n rántí. Mo tan máìkì, mo gbé e sẹ́nu.

"Ìwọ ta ni? Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Èmi Fadékẹ́."

Ìlà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró síbi tí ohùn tèmi dé.

"Fadékẹ́," ni ó wí. Ohùn mi gan-an ló fi wí i, àfi pé ó dùn ju tèmi lọ. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi pè mí lórí fóònù láti Òkà, níbi tó ti padà lọ gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Bridget, ẹ ti jẹun?" ni mo wí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Sámúẹ́lì lo pè mí? Tún un pè, ó dùn."

"Èmi kọ́. Ẹ gbọ́ mi, èmi kọ́ ló ń sọ̀rọ̀."

"Mo ti gbọ́," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "Mò ń bọ̀."

Nígbà tó délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. "O wá ń jowú ara rẹ?"

Mo yí síìmù padà, kò yí nǹkan kan padà. Bí a bá jọ jókòó, ọ̀rọ̀ iyọ̀ tó tán àti owó ilé ìwé Bridget là ń sọ. Bó bá kúrò lọ́dọ̀ mi, á pè. Nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà pàápàá, kò pè mí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo pa fóònù mi pátápátá, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ mi wà nínú àgbàlá, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ń dárúkọ mi.

Mo tan tèmi padà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dún, mo ń gbé e. N kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kàn ń gbé e sétí, kí n lè máa gbọ́ ohun tí ọkọ mi ń bá obìnrin náà sọ.