Ọkùnrin Tó Wá Béèrè Ìwé Ilé Tí Kò Tíì Wó

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò ní búra, nítorí ẹni tó bá ń búra jù là ń fura sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí ọ́fíìsì kánsù wa, kó fi ọwọ́ ra bẹ́ǹṣì tó wà níwájú káńtà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nù ún. Kó wá sọ ohun tó bá lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi.

Obìnrin kan ló ń ṣiṣẹ́ ní káńtà yẹn. Ìyá Aláròyé là ń pè é, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọmọ náà á sọ̀rọ̀ lọ, á sọ̀rọ̀ bọ̀, oorun nìkan ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ kò le. Òfin ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ìwé kánsù lè wá béèrè, kí kánsù sì dá a lóhùn kí ọjọ́ tí òfin dá tó pé. Bí ọjọ́ bá fẹ́ pé tí wọn ò tíì rí ìwé, Ìyá Aláròyé á kọ lẹ́tà sí onítọ̀hún, pé kó jọ̀ọ́, kó fún kánsù ní àkókò díẹ̀ sí i. Ó mọ lẹ́tà náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìwé pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó, òrùlé yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ń jò. Àwọn ará ọ́fíìsì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ikú bá kan ilẹ̀kùn, lẹ́tà ni Ìyá Aláròyé máa kọ sí i.

Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wá. Oòrùn mú. Fáànù ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan sí ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó kàn gbójú sókè ni, ó rí i. Eruku funfun bo ọwọ́ ọkùnrin náà dé ìgbọ̀nwọ́, bíi ti ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàsán, ìyá. Ìwé àyẹ̀wò ilé ni mo wá béèrè. Ti ilé ẹ̀kọ́ tó wó."

"Èwo ló wó, sà?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn."

Ibẹ̀ ni Aláròyé ti ń kàwé, ní kíláàsì òkè. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, tí ọmọ ń ròyìn ẹni tó jí pẹ́ńsù àti ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.

"Kò wó, sà. Ọmọ mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Ọkùnrin náà wò ó. Kò bínú. Àánú ló wà lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì ba obìnrin náà lẹ́rù jù.

"Ẹ ṣáà bá mi wá a," ló wí.

Òfin ò gbà pé ká bi ẹni tó ń béèrè ìwé ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Obìnrin náà kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti sinmi díẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà gbọ́ ọ. Ohùn àwọn ọmọdé ni, láti òkèèrè. Wọ́n ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, lóhùn kan, bí wọ́n ṣe máa ń kà á ní kíláàsì. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan nítòsí ibẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, ó jáde. Ẹ̀fà ni wọ́n kà dé tí ohùn náà fi gé.

Orí ọkùnrin yìí ti dàrú ni, Ìyá Aláròyé sọ fún ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó wá ìwé náà. Ó tú fáìlì ilé ẹ̀kọ́ yẹn tán pátá. Ìwé ọ̀dà wà níbẹ̀, ìwé àga wà níbẹ̀. Ti àyẹ̀wò kò sí. Látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rán ẹni tó máa lọ wo ilé yẹn."

"Tá a bá rán ẹnì kan lọ lónìí, wọ́n á ní àwọn tó yẹ kó ti lọ tẹ́lẹ̀ dà?"

"Kí n wá sọ fún un pé kò sí?"

"Ta ló rán ẹ? Kọ lẹ́tà ẹ."

Nígbà tó ń relé, ó yà wo ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ti sán, tín-ín-rín bí òwú, láti ojú fèrèsé òkè dé ìdí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí lanu, aláǹgbá kan ò sí lára rẹ̀. Orí fẹ́ǹsì òdìkejì ni gbogbo wọn tò sí, wọ́n kọjú sí ilé náà. Kò sí èyí tó ń mi orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí kánsù dáhùn, ojú sísán náà ti fẹ̀ débi pé ìka ọmọdé lè wọ̀ ọ́. Aláròyé ló ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Màámi, ó ń mí," ló wí.

Ìyá rẹ̀ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó tọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ìyẹn ní òun náà ti rí i, àmọ́ òun ò lè ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láìsí lẹ́tà láti kánsù. Ìyá Aláròyé bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ó fi í sẹ́yìn káńtà. Kò pẹ́ tí ọkùnrin eléruku fi dé. Aláròyé wà láàárín ọ̀rọ̀, ó sì dákẹ́. Ọkùnrin náà gba lẹ́tà tí Ìyá Aláròyé kọ, ó kà á, èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo gbà," ló wí. "Ẹ ò mọ oore tí ẹ ṣe."

Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí ògiri lọ́sàn-án, ojú sísán náà ti padà di òwú.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Tí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́, ògiri á máa lanu. Tí lẹ́tà bá ti jáde, á pa ẹnu dé. Ìyá Aláròyé dá ọmọ rẹ̀ padà sí kíláàsì. Ẹ má bú u. Ó rò pé bí òun bá lè máa kọ lẹ́tà náà lọ, apá òun á ká ti ọmọ òun àti ti ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ kò sùn dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ kan ó fi ìgboyà bi ọkùnrin náà léèrè.

"Ta ni yín, sà?"

"Mo ní ọmọ kan nínú wọn."

"Ọjọ́ wo ló wó?"

"Ẹ̀yin ni mo wá bi. Ọjọ́ tí ẹ bá dá mi lóhùn ni mo máa mọ̀."

Obìnrin náà yára na lẹ́tà tuntun sí i.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn aláṣẹ ìjọba ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ìbéèrè tí kánsù ò tíì dáhùn. Ọ̀gá fẹ́ kí tábìlì òun mọ́. Ìyá Aláròyé bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má dá ọkùnrin náà lóhùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ọ̀gá ní kó lọ sinmi, pé iṣẹ́ ti fẹ́ yí i lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ó wọ yàrá fáìlì lọ kó ìwé. Nígbà tó jáde, eruku ti bo bẹ́ǹṣì, kò sì sí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

"Ọkùnrin ẹ ti wá, ó ti lọ," ni ọ̀gá wí. Inú rẹ̀ dùn. "Mo ti dá a lóhùn. Mo ní a wá a, kò sí. Ó parí."

"Kí ló sọ?"

"Ó kàn ń sunkún."

Ìgbà yẹn ni ohùn àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá gbé orí sókè.

"Ta ló tan rédíò?"

Ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n kà dé ẹ̀fà. Wọn ò dúró. Wọ́n ní èje, gbogbo nǹkan sì pa lọ́lọ́.

Ìyá Aláròyé sáré. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, èkejì bọ́ sí títì. Ẹnu rẹ̀ ń pe ọmọ rẹ̀, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ilé náà wà lórí ìdúró. Ògiri rẹ̀ dán. Kò sí ibi tó sán, kò sí ibi tó là, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ láàárọ̀ yẹn. Kò sí aláǹgbá kankan lórí fẹ́ǹsì mọ́. Ní ojú fèrèsé òkè, àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò ó.

Aláròyé ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀. Irun rẹ̀ funfun fún eruku. Ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Ó dé iwájú ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ náà tutù.

"Ọmọ mi, bá mi sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà kọ́kọ́ gbójú sókè wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Màámi," ló wí, "ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún wa ní àkókò díẹ̀ sí i."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Kò sí bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ bírò tó há sínú irun rẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ síbẹ̀. Ó mọ gbogbo ohun tí yóò kọ. Ẹni tí yóò fún ni kò mọ̀.