Àga Tẹ́ẹ́rẹ́ Lójú Kọ̀ǹpútà Fífẹ̀

"Ṣé abẹ́rẹ́ ló fẹ́ jókòó sórí àwọn àga yìí ni?"

Ohùn ọ̀gá ilé ìkàwé ọmọdé ló ń dún lórí fóònù àǹtí mi. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán àga àti tábìlì, kí àwọn káfíńtà rẹ̀ tó kàn wọ́n. Bí àwòrán yìí bá wu ọ̀gá náà, iṣẹ́ ogójì àga di tiwa nìyẹn. Bí kò bá wù ú, káfíńtà mìíràn ti ń dúró.

"Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù," ló wí, ó sì pa fóònù. Aago mọ́kànlá ti kọjá!

Àǹtí di orí mú. Láàárọ̀, gbogbo àwòrán ló fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tuntun, èyí tó gba orí tábìlì látọ̀tún dósì. Tábìlì róbótó wá rí bí ẹyin. Ó fi kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ya àwòrán ohun tó wà lójú rẹ̀, ó fún un pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títí tábìlì fi rí róbótó, ó fi ránṣẹ́. Ta ló mọ̀ pé yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà?

Èmi mọ nǹkan kan. Lánàá, nígbà tí Àǹtí jáde, mo yí ìwọ̀n tí ojú kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwòrán hàn padà nítorí géèmù bọ́ọ̀lù mi, bẹ́ẹ̀ ó ti kìlọ̀ fún mi. Mi ò dá a padà.

"Ayédèrú lo tà fún mi!" Àǹtí ti pe ẹni tó ta kọ̀ǹpútà, ó ń bú u. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ ara tù mí pé ẹlòmíràn ló ń jẹ èébú.

Ọkùnrin náà kò bínú. "Àǹtí, ẹ fi èyí tí ẹ ò tíì fún pọ̀ ránṣẹ́ sí mi." Kò pẹ́ tó fi pe padà. "Róbótó ni tábìlì yìí lórí fóònù mi o! Kò sóhun tó ṣe àwòrán yín. Ojú kọ̀ǹpútà yín nìkan ló ń fẹ̀ ẹ́; ẹnìkan ló yí ìwọ̀n rẹ̀."

Àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Àǹtí yíjú sí mi.

"Àǹtí, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́." Mo kúnlẹ̀.

"Dìde ńbẹ̀! Tó bá di aago méjìlá, kí o wá kúnlẹ̀! Tètè dá a padà!"

Mo sáré yan ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀. Tábìlì ti di róbótó! Àǹtí pariwo, mo fò sókè. Ó tún àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yà, kò fún un pọ̀, ó fi ránṣẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Fóònù dún. "Ẹ̀n-ẹ́n! Àga nìyí! Ẹ máa báṣẹ́ lọ."

A jó yí tábìlì ká! Lẹ́yìn náà ni Àǹtí gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ pé kí n bẹ ọkùnrin tí òun bú. Mo jẹ́wọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

"Tiẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ o," ni Àǹtí fèsì. "Òun ni yóò fi sáńpépà ha ogójì àga kí wọ́n lè dán."

Mo ha wọ́n títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo bà jẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti tún ṣe. Dídákẹ́ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àǹtí mi, òun náà ló sọ aláìṣẹ̀ di ẹni èébú. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ.