Máàkì Ẹni Tó Wà Nísàlẹ̀

"Ẹ ti gbé ọmọ sókè, ẹ ti fún un ní máàkì. Ta ló máa sọ̀ ọ́?"

Kóòṣì obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, ó gbé tìmùtìmù ńlá mẹ́ta lé èjìká kan bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Nígbà tó ṣì ń ṣeré, ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró kí àwọn yòókù gùn ún; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Òpó. Àwọn adájọ́ ń wo aago. Oníṣirò ní tirẹ̀ ń wo Òpó.

Olùkọ́ ìṣirò ni, ọ̀dọ́kùnrin tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí kò bá rí àlọ́ tú, a máa fi nọ́ńbà ọkọ̀ ṣeré. Ẹgbẹ́ eré ṣíalídà, eré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jó, tí wọ́n ń takìtì, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn sókè, ló pè é kó wá ṣe ìwé máàkì tuntun, kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n má fi aláǹgbá bá ọ̀nì díje. Ó sáré kọ ìbéèrè Òpó sínú ìwé rẹ̀, láìfi àmì kankan sí i: *Ta lo maa so o?*

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni òun àti Òpó jọ ń jókòó nínú gbọ̀ngàn eré, tí àwọn ọmọ Òpó á máa dán ìpele wò. Ìpele kìíní, orí itan ni ẹsẹ̀ mọ. Ìkejì, èjìká. Ìkẹta, ọwọ́ nínà tán. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe kọjá ìpele rẹ̀, máàkì rẹ̀ á dínkù.

"Ẹ ò gbé ènìyàn rí, ẹ wá ń ṣòfin fún àwọn tó ń gbé ènìyàn," Òpó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo máa ń gbé àpò ìwé."

"Àpò ìwé kì í ké tó bá fẹ́ já bọ́, ọ̀gbẹ́ni."

Nígbà tó fi di Sátidé karùn-ún, "ẹ" ti di "o", "ọ̀gbẹ́ni" ti di "ọ̀rẹ́ mi", "ọ̀rẹ́ mi" náà sì ń wá ibi tó máa yà sí. Wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Bàbá Òpó, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ Oníṣirò. "Ọwọ́ yìí rọ̀ bí òwú. Ọmọ mi ti ru ẹlòmíràn títí. Mi ò fẹ́ kó tún ru ọkọ."

Ọjọ́ ìdíje ìdánwò pé. Bí ìwé tuntun bá kùnà, ti àtijọ́ máa padà. Oníṣirò pín in tayọ̀tayọ̀. Òpó kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Ìlà kan wà nísàlẹ̀: *Ẹni tó máa sọ ọ́, máàkì mẹ́wàá*, fún ẹni tó bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó sọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe.

Ẹgbẹ́ kan gbé ọmọ dé òkè téńté, ọmọ náà sì já lulẹ̀ sórí tìmùtìmù bí èso tó pọ́n jù. Kò fara pa. Àmọ́ ẹlẹ́nu dídùn ni asọ̀rọ̀ wọn, àwọn ni wọ́n gba ipò kìíní. Àwọn ọmọ Òpó, tí wọ́n gbé tiwọn kalẹ̀ bí ẹyin, ṣe ipò kejì.

"Mo bi yín léèrè!" Òpó pariwo. "Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìwé yín náà ò mọ̀!"

"Ẹ" ti padà dé. Ó dun Oníṣirò ju ariwo lọ.

Àwọn adájọ́ fún Oníṣirò lọ́sẹ̀ méjì kó fi tún ìwé náà ṣe. Òpó kò gbé ìpè rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó lọ bẹ bàbá Òpó kó bá òun bá a sọ̀rọ̀. Bàbá ń tún ògiri ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ó ru àpò síméǹtì bọ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Sọ̀ mí! Sọ̀ mí kíá, ọrùn mi o!"

Oníṣirò fò mọ́ àpò náà, àwọn méjèèjì rọra gbé e kalẹ̀. Oníṣirò dúró bí igi, síméǹtì bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú.

"Bàbá, kí lẹ ní kí n ṣe?"

"Mo ní kó o sọ̀ mí! Ṣé ẹni tó ru ẹrù kò ní sọ̀ ni?"

"Sọ̀! Kì í ṣe sọ!" Oníṣirò ṣí ìwé rẹ̀ wàràwàrà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ látọjọ́ kìíní. Àmì kékeré kan ló kù.

Bàbá mirí. "Orí yìí ò pé. Àmọ́ ọwọ́ òwú náà mọ nǹkan mú ṣá."

Lọ́jọ́ ìpàdé, Oníṣirò ka ìwé tuntun: ìdajì máàkì gbígbé di ti sísọ̀, ti àwọn tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo adájọ́ nawọ́ sókè. Ó gbójú sókè, ó rí Òpó lẹ́nu ọ̀nà, tìmùtìmù mẹ́ta lórí èjìká.

Ó dìde, ó lọ sọ̀ ọ́.

"Bàbá ní òun ò fẹ́ kó o ru ọkọ," ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. "Má rù mí. Jẹ́ kí n máa sọ̀ ọ́, lójoojúmọ́."

Òpó wo ìwé tí Oníṣirò nà sí i, ìbéèrè tirẹ̀ gan-an ló ṣí sí. Ó gba bírò. Ó kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀, ó sì rí i dájú pé òun fi àmì sí i: *Ìwọ.*